Lúùkù Orí Kìíní Láàfin Ìlọrin

Ní 10 Oṣù Kọkànlá 1871, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther gbéra ní Lọ́kọ́ja. Orí ilẹ̀ ló gbà, ó kọjá ní Bídà, ó la ilẹ̀ Yorùbá já, ó sì wọ Èkó ní 8 Oṣù Kejì 1872. Ìlọrin wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ́míà Àlíyù ló wà lórí oyè nígbà náà. Ilé kéwú ti kún àdúgbò, àwọn àáfáà tó mọ Kùránì dénú pọ̀ lọ súà, oríkì ìlú náà pàápàá sì ti fi ẹṣin rọ́pò eégún, ó ti fi ọ̀kọ̀ rọ́pò orò. Kì í ṣe ìlú tí oníwàásù onígbàgbọ́ ń wọ̀ bí ẹni wọ ọjà.

Wọ́n gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ láàfin. Wọ́n bi í léèrè nípa ẹ̀sìn rẹ̀ àti nípa ìwé tó mú dání. Lára ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni iṣẹ́ tí Jibúrílù ṣe, málékà tí Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ jọ mọ orúkọ rẹ̀. Crowther kò bá wọn jiyàn. Ó ṣí Ìhìnrere Lúùkù ní èdè Yorùbá, ó ka orí kìíní sí wọn létí: bí Gébúrẹ́lì ṣe yọ sí Sakaráyà nínú tẹ́ńpìlì, àti bí ó ṣe lọ jíṣẹ́ fún Màríà ní Násárẹ́tì. Èdè tí ọmọdé ń sọ ní Ọjà Ọba ni wọ́n gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, wọn kò nílò ògbufọ̀.

Bó ṣe máa ń ṣe níwájú àwọn ọba Mùsùlùmí nìyẹn. Bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè, ọ̀rọ̀ inú Bíbélì ni yóò fi dáhùn, kò ní fi ọgbọ́n ara rẹ̀ kún un ju bó ti yẹ lọ. Nígbà èwe rẹ̀ nínú iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní Sàró, ó ti bá àwọn Mùsùlùmí jiyàn líle, ó sì rí i pé ìbínú nìkan ni irú iyàn bẹ́ẹ̀ ń bí. Nígbà tí ọjọ́ ogbó dé, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìrírí ọ̀pọ̀ ọdún ti kọ́ òun pé kí ènìyàn jẹ́ kí Bíbélì ja ìjà ara rẹ̀, kí Ẹ̀mí Mímọ́ sì máa tọ́ ọ. Ọdún 1892, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni wọ́n tẹ ìwé kékeré tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹni tó bá mọ ibi tí ọkùnrin yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni yóò mọ bí ìjókòó Ìlọrin yẹn ṣe wúwo tó. Ọmọ Òṣogùn ni. Ní 1821, nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún bíi mẹ́tàlá lọ, ogun wọ ìlú wọn. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ ọ́ nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837, àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ àti àwọn Fúlàní, pẹ̀lú àwọn ẹrú tó ti sá lọ́dọ̀ olówó wọn, ni wọ́n kógun náà wá. Ìlọrin ni agbára ogun bẹ́ẹ̀ padà fi ṣe ibùdó. Wọ́n mú Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n yà wọ́n nípá, wọ́n sì fi ọmọdékùnrin náà ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Láti ọwọ́ olówó kan dé ọwọ́ òmíràn, ẹ̀rù pé wọn yóò tà á fún òyìnbó bà á débi pé ó gbìyànjú láti fi ọ̀já ìdí rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn lóru. Wọ́n tà á náà. Ṣùgbọ́n ní 7 Oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ Potogí tó kó òun àti àwọn ẹrú yòókù, wọ́n sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ní Freetown ní 17 Oṣù Kẹfà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 11 Oṣù Kejìlá 1825, ó ṣe ìrìbọmi.

Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn Òṣogùn, ọmọ tí wọ́n fi gba ẹṣin ló jókòó láàárín àwọn ẹlẹ́ṣin, tí wọ́n ń tẹ́tí sí i. Kò wá gbẹ̀san, kò sì bẹ̀rù.

Orí kìíní Lúùkù tó kà láàfin kì í ṣe àjèjì sí i. Òun ló fi bẹ̀rẹ̀. Ní 9 Oṣù Kìíní 1844, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Freetown, Crowther ló wàásù: ẹsẹ karùndínlógójì orí náà ló mú, ọ̀rọ̀ tí málékà sọ fún Màríà nípa ọmọ mímọ́ tí yóò bí. Àwọn tó kún inú ilé náà jẹ́ ẹni tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú, Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà. Wọn kò tíì gbọ́ kí wọ́n fi èdè ìyá wọn gbàdúrà nínú ṣọ́ọ̀ṣì rí. Nígbà tí àdúrà parí, wọ́n dáhùn pé “Kí ó ṣẹ.” Crowther kọ ọ́ sílẹ̀ pé bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè òun ni, ńṣe ló dà bíi pé òun jẹ́ ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ.

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí ni ohun tó jinlẹ̀ jù lọ nínú ìtàn rẹ̀ ṣẹlẹ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó ń wá ojú Ọlọ́run nínú ìwé mímọ́ dúró wò ó dáadáa. Crowther ti dé Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́ ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS. Ó máa ń lo kàlẹ́ńdà onígbàgbọ́ kan tó ní ẹsẹ Bíbélì fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní 21 Oṣù Kẹjọ 1846, Sáàmù kẹwàá ni ẹsẹ ọjọ́ náà ti wá, ibi tí wọ́n ti pe Ọlọ́run ní olùrànlọ́wọ́ ọmọ tí kò ní baba. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá rẹ̀, Àfàlá, tí wọ́n ti yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, rìn wọlé pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀ kejì. Wọ́n wo ara wọn lójú, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Ní ìwé ìrántí rẹ̀, Crowther kọ ọ́ pé òun kò mọ agbára ẹsẹ náà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní Oṣù Kejì 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánà.

Ẹ jẹ́ ká kíyè sí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Crowther kò la Bíbélì wò láti wá àmì. Kò di ojú, kò fi ìka gún ojú ewé kan bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ṣe lónìí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá kí wọ́n fẹ́ ẹni báyìí tàbí kí wọ́n gba iṣẹ́ báyìí. Ẹsẹ náà wà nínú ìwé tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jọ ń kà lọ́jọ́ kan náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Sàró. Òun kàn ń kà á lójoojúmọ́ ni, yálà ọjọ́ náà dùn tàbí ó korò. Nígbà tí ohun ńlá dé, ó bá a níbi tó ti ń kàwé. Ìgbàgbọ́ ẹni tó ń kọ èyí ni pé irú kíkà bẹ́ẹ̀ ló mú kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ní Ìlọrin. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ti ń bá gbé lójoojúmọ́ kò ní máa sáré wá ohun tí yóò sọ nígbà tí Ẹ́míà bá bi í léèrè.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìtumọ̀ náà rí, iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ìwé Róòmù jáde ní 1850, àwọn ìwé mìíràn sì tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Ọdún 1884 ni odindi Bíbélì tó wọ ọwọ́ àwọn Yorùbá. Crowther a máa jókòó ti àwọn àgbà, a máa kọ òwe sílẹ̀, a máa tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbi òkú àti níbi ìgbéyàwó, kí ọ̀rọ̀ tó bá lò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ ní tòótọ́. Kò dá a ṣe. Thomas King, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ bíi tirẹ̀, bá a túmọ̀ púpọ̀ kó tó kú ní 1862. Ọdún yẹn kan náà ni iná jó ilé Crowther ní Èkó, tó sì jó àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe tó ti ń kó jọ láti ọdún mọ́kànlá. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀kùn Ìlọrin kò ṣí fún ìjọ kankan nítorí ìbẹ̀wò 1872. Kódà, Crowther kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó kanlẹ̀kùn. Ní 1855, Thomas Jefferson Bowen, oníwàásù Bátíìsì láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ ìlú náà nígbà ayé Ẹ́míà Ṣítà. Wọ́n ṣe é lálejò, wọ́n fún un ní ilé tí yóò sùn, wọ́n fetí sí ohun tó sọ. Ó fẹ́ kọ́lé síbẹ̀ kó máa kọ́ni. Wọn kò gbà fún un. Ó padà sẹ́yìn, Ògbómọ̀ṣọ́ ló sì fìdí iṣẹ́ kalẹ̀ sí lọ́dún náà. Àárẹ̀ mú un, ó sì padà sí Amẹ́ríkà ní 1856 láìrí ìjọ kankan ní Ìlọrin. Ìwé gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde ní 1858.

Nígbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá ń wo ojú ọ̀run fún ìtọ́sọ́nà ì bá ti sọ pé Ọlọ́run kò fẹ́ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ tí Bowen padà sí ni ó wá di odi àwọn Bátíìsì ilẹ̀ Yorùbá. Ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùṣọ́ àgùntàn Bátíìsì bẹ̀rẹ̀ ní 1898. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n rìn ká gbogbo òkè Ọya títí dé ilẹ̀ Gánà, ló gbé ìjọ wọn lọ síbi tí òyìnbó kankan kò rán wọn. Ìlọrin wà lára ibi tí wọ́n kọ́kọ́ dé.

Ohun tó ṣí ọ̀nà fún wọn ni rélùwéè. Ilé iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin ní 1897. Nígbà tí Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba àṣẹ òkè Ọya ní 1900, Lugard dènà fún àwọn ìránṣẹ́ ìjọ pé wọn kò gbọdọ̀ wọ ìlú Mùsùlùmí láìjẹ́ pé Ẹ́míà fọwọ́ sí i. Ìgbèríko ni àwọn kan yà sí. Ní 1902, àwọn ará ẹgbẹ́ ajíhìnrere SIM dúró sí Pátígi, lẹ́yìn tí méjì nínú àwọn mẹ́ta tó kọ́kọ́ wá fún iṣẹ́ náà, Walter Gowans àti Thomas Kent, ti kú nínú ọdún 1894 láàárín oṣù kan síra wọn. Rowland Bingham nìkan ló kù nínú àwọn mẹ́ta náà, kò sì dẹ́kun. A. W. Banfield tó wà lára àwọn tó dé Pátígi lo ọdún púpọ̀ lórí èdè Núpé, ó sì túmọ̀ Bíbélì sí i. Ní ti Ìlọrin fúnra rẹ̀, ọ̀nà irin dé ibẹ̀ ní 1908, ó kọjá sí Jẹ́bbà ní 1909. Àwọn akọ̀wé, káfíńtà, télọ̀ àti oníṣòwò láti Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ bá ọkọ̀ náà dé. Àpò wọn ni Bíbélì Yorùbá wà. Kò sí bíṣọ́ọ̀bù tó rán wọn, iṣẹ́ òòjọ́ ló gbé wọn wá. Wọ́n tẹ̀dó sí ìhà Sábó-Òkè, àdúgbò tí ṣọ́ọ̀ṣì St. Barnabas wà títí dòní, èyí tó ti di kàtídírà Áńgílíkà.

Báyìí ni ìwé tí Crowther kà láàfin ṣe padà wọ ìlú láìsí ariwo, ó gba ẹnu àwọn tó ń jí ní kùtùkùtù ṣe àdúrà ilé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ kí wọ́n tó lọ sí ibi iṣẹ́.

Kò pẹ́ tí ìbéèrè tuntun fi yọjú, ìgbèríko Ìlọrin náà ló sì ti yọ. Bí ènìyàn bá sọ pé òun gbọ́ ohùn Ọlọ́run, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò? Joseph Ayọ̀ Babalọlá ni wọ́n bí ní Odò-Ọwá ní 25 Oṣù Kẹrin 1904, ní ìlú tó wà nínú Ìpínlẹ̀ Kwara báyìí, tó sì wà lábẹ́ Ìlọrin nígbà ayé òyìnbó. Baba Ìjọ ni baba rẹ̀ nínú ìjọ CMS, nítorí náà Bíbélì Yorùbá kò ṣàjèjì nílé wọn. Ó kàwé díẹ̀, ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì di awakọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà lábẹ́ PWD, ilé iṣẹ́ ìjọba. Ní Oṣù Kẹwàá 1928, ní ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ tí wọ́n ń là, ẹ̀rọ rẹ̀ kú, kò sì jí mọ́. Ó sọ pé òun gbọ́ ohùn tó pe orúkọ òun, tó ní kí òun fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ wàásù. Ó fi í sílẹ̀. Ó gbààwẹ̀, ó sì padà sí Odò-Ọwá lọ kéde pé kí wọ́n ronú pìwà dà.

Ìtàn tí ìjọ CAC, ìjọ tí Babalọlá padà bá ṣiṣẹ́, ń sọ ni pé wọ́n fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ajẹ́lẹ̀ ní Ìlọrin pé ó ń da ìlú rú. Wọ́n tì í mọ́lé fún ìgbà díẹ̀, wọn kò rí ẹ̀bi lọ́wọ́ rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà sì ránṣẹ́ pè é, nítorí àwọn ọmọ ìjọ tó ń bá a gbàdúrà ti ń ríran, wọ́n sì ń fi èdè àjèjì sọ̀rọ̀. Ó kúrò nínú ìjọ náà.

Ó rọrùn láti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ìjà láàárín ìwé àti ohùn, kí á sọ pé bíṣọ́ọ̀bù gbé ìwé, wòlíì gbé ohùn. Bí ó ṣe rí gan-an kọ́ nìyẹn. Àwọn tí Babalọlá lọ bá ní Èkó, àwọn ará Faith Tabernacle, jẹ́ ènìyàn tó ń fi Bíbélì yẹ ohun gbogbo wò. Àjàkálẹ̀ àrùn 1918 ló kó àwọn kan nínú wọn jọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí ikú ń pa ènìyàn bí ẹni pa kòkòrò, tí dókítà kò sì rí ọgbọ́n dá sí i. J. B. Shadare àti Sophia Ọdúnlámì wà lára àwọn tó dúró lórí àdúrà. Ìwé ìròyìn tí wọ́n ń gbà láti Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi ń kọ́ ara wọn lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n tẹ Babalọlá bọ omi ní Ẹ̀bútè Mẹ́tà ní Oṣù Kejìlá 1929. Ní Oṣù Keje 1930, ìpàdé tí wọ́n pè ní Òkè-Oyè, Iléṣà, láti yanjú àríyànjiyàn lórí ẹ̀kọ́ Bíbélì ni ìsọjí ńlá ti bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Ìjọba tì í mọ́lé fún oṣù mẹ́fà ní Benin ní 1932. Títí ó fi kú ní Ẹdẹ ní 26 Oṣù Keje 1959, agogo àdúrà àti Bíbélì ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Ohùn tó gbọ́ lójú ọ̀nà kò mú kó fi ìwé tì. Ńṣe ló sọ ọ́ di ọmọ lẹ́yìn ìwé náà láàárín àwọn tó jù ú lọ nínú kíkà rẹ̀.

Àwọn mìíràn bẹ̀rù pé ohùn lè tan ènìyàn jẹ, wọ́n sì kọ́ ilé fún ìbẹ̀rù náà. Ní Ìgbájà, ìlú Ìgbómìnà tí kò jìnnà sí Ìlọrin, àwọn SIM dá ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì sílẹ̀ ní 1941. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọ ECWA ló jẹ́ báyìí. Ní 1955, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Kwoi, ní ìhà gúúsù Kàdúná, wọ ibẹ̀. Byang Kato ni orúkọ rẹ̀. Láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ ni baba rẹ̀ ti yà á sọ́tọ̀ fún òrìṣà ìdílé wọn, ṣùgbọ́n ìtàn ọkọ̀ Nóà tí olùkọ́ rẹ̀ sọ ní ilé ìwé yí ọkàn rẹ̀ padà. Ó jáde ní Ìgbájà ní 1957, ó tún kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó di akọ̀wé àgbà ECWA, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Dallas, ní Amẹ́ríkà. Ìwé tó kọ ní 1975 dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ káàkiri Áfíríkà, nítorí ó dúró lé e pé Bíbélì ni adájọ́ ìkẹyìn lórí àṣà, lórí ìran, lórí èrò ọkàn ẹni. Àwọn kan ní ó le jù, pé kò fi ààyè tó pọ̀ sílẹ̀ fún ohun rere tí Ọlọ́run ti fi sí ọwọ́ àwọn baba wa. Ẹ̀rí wà fún wọn láti sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ohun tó ń dáàbò bò ṣe pàtàkì: kí ẹnikẹ́ni má lè sọ pé Ọlọ́run bá òun sọ̀rọ̀ kí ó sì fi ìyẹn bọ́ lọ́wọ́ ìwádìí àwọn ará.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì ni Kato nígbà tí omi òkun gbé e lọ ní ẹ̀bá Mombasa, ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, ní Oṣù Kejìlá 1975. Ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀ ni ìjọ Áńgílíkà dá dáyósíìsì Kwara sílẹ̀, Herbert Haruna sì di bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi í jókòó lórí ìtẹ́ ní Ìlọrin, ọdún méjìlélọ́gọ́rùn-ún ti kọjá láti ìgbà tí Crowther wá, tí ó sì lọ.